Kò Sí, Tàbí A Kò Wá A?

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí ó yá lẹ́nu ọmọ ènìyàn ju ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn lọ, èyí ni "kò sí." A rán ọmọdé lọ sí yàrá kí ó mú abẹ́rẹ́ wá, kò tilẹ̀ tíì wọlé tán tí ó fi ké padà pé, "Kò sí, mà." Ìyá rẹ̀ dìde, ó wọlé, ó sì mú abẹ́rẹ́ náà níbi tí ó wà. Ǹjẹ́ ọmọ náà purọ́ bí? Bí a bá bi í, yóò ní òun kò purọ́, nítorí pé òun kò rí abẹ́rẹ́ kankan. Lóòótọ́ ni, kò sì rí i. Síbẹ̀ ohun tí ó sọ kì í ṣe òtítọ́. Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìwé ọdọọdún yìí. Kì í ṣe inú ìwé àwọn ọlọ́gbọ́n ni a ti bá a pàdé, bí kò ṣe nínú kòtò kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajọ̀ kan, àti lọ́wọ́ ìgbín.

Nígbà tí àwa wà ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ àti àwọn katikísì, a lo ìsinmi gígùn kan láti ṣe lébìrà lọ́dọ̀ àwọn awalẹ̀pìtàn tí ń walẹ̀ lábẹ́ àpáta ńlá kan ní ilẹ̀ Èkìtì. Owó ìwé ni a ń wá lọ, a kò wá ọgbọ́n lọ. Iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn kò rí bí iṣẹ́ ẹni tí ń gbẹ́ kànga. Ẹni tí ń gbẹ́ kànga ń wá omi, kò sì bìkítà fún erùpẹ̀ tí ó ń kó jáde. Ṣùgbọ́n ní ti awalẹ̀pìtàn, erùpẹ̀ náà gan-an ni ó ń kà bí ẹni ka ìwé. A ń fi irinṣẹ́ pẹlẹbẹ tí àwọn bíríkìlà fi ń rẹ́ ògiri họ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìpele kan lẹ́yìn èkejì, nítorí pé ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, èyí tí ó wà lókè ni ó sì dé gbẹ̀yìn. Gbogbo erùpẹ̀ tí a bá họ ni a ó fi garawa gbé lọ sí ìdí ajọ̀ onírin, ibẹ̀ ni wọ́n sì fi àwa sí. Nítorí pé a mọ̀wé kọ, wọ́n fi ìwé àkọsílẹ̀ lé wa lọ́wọ́ pẹ̀lú. Wọ́n ti fa ìlà sí ojú ìwé náà: àyè kan fún àpáàdì, ọ̀kan fún òkúta tí ọwọ́ ènìyàn gbẹ́, ọ̀kan fún irin, ọ̀kan fún ìlẹ̀kẹ̀, ọ̀kan fún egungun, àti ọ̀kan níkẹyìn tí wọ́n kọ "ìyókù" sí lórí. Níbi tí a kò bá ti rí nǹkan, kí a kọ "kò sí."

Ẹni tí ó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí yóò mọ̀ pé kòtò awalẹ̀pìtàn kì í ṣófo. Ní òwúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mú irinṣẹ́, a ó kọ́kọ́ gbé àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tí ó já sínú rẹ̀ lóru jáde. Ọ̀kùn ti rìn kọjá lórí ilẹ̀ tí a gbá mọ́ ní àná, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti fi ìlà wínníwínní sílẹ̀ bí ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ. Agbọ́n tí ń fi amọ̀ kọ́lé ti ń mọ ilé mọ́ ara ògiri kòtò, ó sì ń wá bu amọ̀ níbi tí omi wa dà sí. Ìrẹ̀ ń ké nínú ihò tí ẹnikẹ́ni kò rí. Bí òjò bá sì ti rọ̀, àwọn ìpéré a jáde láti abẹ́ ewé, wọn a máa fà lórí okùn tí a ta yí kòtò ká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé nítorí tiwọn ni a ṣe ta okùn náà. Àwọn lébìrà ẹgbẹ́ wa a máa fi wọ́n ṣe ẹ̀rín, ẹlòmíràn a sì máa kó èyí tí ó bá tóbi lọ sílé fún ọbẹ̀. Àwa fẹ́ràn láti máa wò wọ́n, ojú a sì máa tì wá bí ọ̀gá bá bá wa níbẹ̀, nítorí pé wíwo ìgbín kọ́ ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún wa. Ẹ wo bí ọkàn ènìyàn ti rí: ìgbín tí ó wà láàyè, tí kò kan iṣẹ́ wa, ni a ń wò ní àwòtúnwò, èyí tí ó ti kú, tí ó kan iṣẹ́ wa gan-an, ni a ń dà nù.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a dé ìpele eérú kan tí ó nípọn. Láti ọjọ́ Ajé ni ajọ̀ wa ti ń kún fún ìkarahun ìgbín, òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, òmíràn kò ju èékánná lọ. A ṣa àpáàdì, a ṣa òkúta, a ṣa egungun, a sì da ìkarahun sórí òkìtì erùpẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn wa. Kí ni ìgbín jẹ́? Igbó wo ni kò sí ìgbín? Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a sì fi ọwọ́ ìkọ̀wé tí ó dára kọ ọ́ sí àyè ìyókù pé, "kò sí." Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá wa ka ìwé náà lábẹ́ àtùpà, ó sì wí fún ẹnì kejì rẹ̀ pé ó ya òun lẹ́nu pé àwọn ènìyàn tí ó dáná níhìn-ín ní ìgbà láéláé kò jẹ ìgbín rárá, bí igbó ti yí wọn ká tó nì. Ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀. Àwa gbọ́, a sì dákẹ́.

Ó lè dàbí ẹni pé a ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn tí kò da ìkarahun nù ti rí. Ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ẹkùn Wiltshire, abẹ́ ilẹ̀ funfun ni, òkúta rírọ̀ irú èyí tí a fi ń ṣe ẹfun ìkọ̀wé, kì í sì í jẹ́ kí ìkarahun tètè jẹrà. Ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ John G. Evans ṣiṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀, ó sì tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1972 lórí ìgbín orí ilẹ̀ àti iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn. A ó bu erùpẹ̀ kílò kan tàbí méjì láti inú ìpele kọ̀ọ̀kan, a ó gbẹ ẹ́, a ó fi omi pò ó, a ó sì fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ kò ju ìdajì mìlímítà lọ sẹ́ ẹ. Èyí tí ó bá kù ni a ó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá kà, ṣóńṣó ìdí ìkarahun ni a sì ń kà, kí a má bàa ka ìgbín kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì bí ó bá fọ́. Ìgbín kì í rìn jìnnà. Bí ó bá ń fà, ìkarahun rẹ̀ a tẹ̀lé e, ibi tí ó bá sì kú sí kì í jìnnà sí ibi tí ó gbé. Òmíràn nínú wọn fẹ́ràn òjìji àti ewé tí ń rà, òmíràn fẹ́ràn pápá tí oòrùn ń pa. Nítorí náà bí a bá rí àwọn ọmọ òjìji nísàlẹ̀, tí a sì rí àwọn ọmọ pápá lókè wọn, a mọ̀ pé igbó wà níbẹ̀ rí, a sì mọ̀ pé a ṣán an. Báyìí ni a ṣe mọ̀ nípa òkìtì gígùn kan tí a ń pè ní South Street, lẹ́bàá Avebury, pé igbó ni ilẹ̀ náà kí àwọn àgbẹ̀ ìgbà láéláé tó ṣí i. Ojú ìtúlẹ̀ wọn pàápàá sì wà lábẹ́ òkìtì náà. Kò sí ọba tí ó kọ ìtàn yìí, kò sí arọ́kin tí ó sọ ọ́. Ìkarahun tí ó kéré ju ọkà bàbà lọ ni ó pa á mọ́.

Ní ọdún 1978, Evans àti Richard Atkinson tún kòtò àtijọ́ kan ṣí nínú yàrà tí ó yí àwọn òkúta ńlá Stonehenge ká. Nítorí ìkarahun àti irú ilẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni Evans ṣe wá. Egungun ọkùnrin kan ni wọ́n bá níbẹ̀, orí ọfà olókùúta ṣì há sínú egungun rẹ̀. Ó ti ju 4,000 ọdún lọ tí wọ́n ti ta á lọ́fà, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn awalẹ̀pìtàn ti ń rìn yí ibẹ̀ ká tipẹ́tipẹ́. Ẹni tí ó wá ìgbín ni ó rí ènìyàn.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé àwọn ẹ̀dá kékeré wọ̀nyí a máa tọ́ni sọ́nà nígbà gbogbo. Wọn a máa ṣini lọ́nà pẹ̀lú, ẹni tí kò bá sì mọ ìṣe wọn ni wọ́n ń ṣì lọ́nà jù. Ní ọdún 1842, Charles Darwin fọ́n ẹfun sórí pápá kan nítòsí ilé rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Ní ọdún 1871, lẹ́yìn ọdún 29, ó gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, ó sì bá ẹfun náà ní ìlà funfun kan, ínǹṣì 7 sí ojú ilẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bò ó mọ́lẹ̀. Ekòló ni, wọ́n ń jẹ erùpẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n ń yàgbẹ́ rẹ̀ sókè, títí ohun tí ó wà lókè fi rì. Ọkùnrin yìí wo ekòló fún ọdún púpọ̀, ó lọ wo àwọn òkúta tí ó ṣubú ní Stonehenge ní ọdún 1877 láti mọ bí ekòló ti rì wọ́n tó, ó sì kọ odindi ìwé lórí wọn ní ọdún 1881. Ìgbín kan tilẹ̀ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó funfun, kò ní ojú, kò gùn ju hóró ìrẹsì lọ, inú ilẹ̀ ni ó ń gbé. A máa wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnà, a sì kú sí àárín egungun àwọn tí ó ti kú ní ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú rẹ̀. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n a máa yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Ní ilẹ̀ tiwa, ta ni kò mọ òkété? Ẹkùrọ́ tí ó wọ́ wọ inú ihò lánàá lè bá àpáàdì ìgbà láéláé pàdé níbẹ̀, kí àjèjì sì rò pé ọjọ́ kan náà ni a jù wọ́n nù. Ẹni tí kò bá wo ẹ̀dá tí ó wà láàyè nínú kòtò yóò ṣi ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ti kú kà.

Ó dùn mọ́ wa láti rántí pé àwọn baba àtijọ́ kò fi ojú tín-ín-rín wo àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí. Ní Igbo-Ukwu, níbi tí Isaiah Anozie ti ń gbẹ́ kòtò omi ní àgbàlá rẹ̀ ní ọdún 1938 tí ó fi kan idẹ, tí Thurstan Shaw sì lọ walẹ̀ lẹ́yìn náà láti ọdún 1959, a rí iṣẹ́ idẹ tí ó ti ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Lára àwọn kan nínú wọn ni alágbẹ̀dẹ ti fi eṣinṣin àti kòkòrò sí, a sì rí ìkarahun ńlá kan tí a fi idẹ ṣe, ẹkùn dúró lórí rẹ̀. Ẹni tí ó lè rọ eṣinṣin ní idẹ ti kọ́kọ́ jókòó wo eṣinṣin. A kò mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá a wí pé ó ń fi àkókò ṣòfò.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a padà sí ìdí ajọ̀ wa. Ìyá kan wà tí ń gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá tà fún wa lábẹ́ àpáta náà. Ní ọjọ́ Ẹtì, bí ó ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó sí etí òkìtì erùpẹ̀ láti sinmi, ó sì mú ìkarahun kan.

"Tíṣà," ni ó pè wá, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì gba ìwé ẹ̀rí nígbà náà, "ta ní ń jẹ ìgbín tó báyìí níbí, tí ẹ kò fún wa jẹ?"

"Kò sí ẹni tí ń jẹ ẹ́, Ìyá. Inú ilẹ̀ ni ó ti jáde."

"Inú ilẹ̀ kẹ̀? Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ènìyàn ló fọ́ eléyìí. Bí èmi náà ti ń fọ́ ọ nìyẹn kí n tó yọ ẹran rẹ̀. Ìgbín tó kú fúnra rẹ̀ kì í fọ́ níbí."

Ó ṣa márùn-ún, ó ṣa mẹ́wàá, ó tò wọ́n sórí ewé ẹ̀kọ. Ojú kan náà ni gbogbo wọn ti fọ́, iná sì ti sọ etí púpọ̀ nínú wọn di dúdú. Ìyá yìí kò ka ìwé, ṣùgbọ́n ojú ìdáná ti kọ́ ọ. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni a tó kà á pé àwọn onímọ̀ yẹ ìkarahun wò láti inú ihò Border Cave, ní gúúsù Áfíríkà, ìdílé ìgbín ńlá kan náà tí a ń jẹ nílẹ̀ wa. Wọ́n yan ìkarahun òde òní nínú iná láti fi àwọ̀ rẹ̀ wé ti àtijọ́, wọ́n sì sọ ọ́ di mímọ̀ ní ọdún 2023 pé àwọn ènìyàn ti ń yan ìgbín jẹ níbẹ̀ láti nǹkan bí 170,000 ọdún sẹ́yìn títí di nǹkan bí 70,000. Wọ́n tilẹ̀ rò pé ó lè jẹ́ oúnjẹ tí a ń gbé wá sílé fún àwọn arúgbó àti àwọn ọmọdé tí kò lè lọ sí oko ọdẹ. Bí a ti ń kà á, òkìtì erùpẹ̀ kan ní Èkìtì ni ó wá sí wa lọ́kàn, àti ìkarahun tí ó wà lórí ewé ẹ̀kọ.

Ǹjẹ́ àwa purọ́ bí? Ọ̀rẹ́ wa kan ní ilé-ẹ̀kọ́, tí ó já fáfá nínú àríyànjiyàn, ní a kò purọ́. Ó ní òpùrọ́ ni ẹni tí ó mọ òtítọ́ tí ó sì sọ òdì rẹ̀. Àwa kò mọ̀ pé ìkarahun jẹ́ nǹkan, nítorí náà àṣìṣe ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, ó sì tù wá nínú fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti ń rò ó sí, a rí i pé ọ̀ràn wa kò rí bí ti ọmọ tí kò rí abẹ́rẹ́. Àwa rí ìkarahun. Ọwọ́ wa bà á. Àwa ni a gbé e dà nù. "Kò tó nǹkan" ni ó wà lọ́kàn wa, "kò sí" ni a kọ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ìkínní jẹ́ ìdájọ́, èkejì jẹ́ ẹ̀rí. A sì wọ aṣọ ẹ̀rí fún ìdájọ́ wa, a rán an lọ síwájú ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ojú wa. Ẹni tí ó bá kà pé, "Ó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan," yóò bèèrè pé, "Kí ni?" Ẹni tí ó bá kà pé, "Kò sí," kò ní ohun tí yóò tún bèèrè. Àwa kò rò pé ó tọ́ láti fi orúkọ àṣìṣe bo èyí. Òfin kẹsàn-án kò yọ ẹni tí ó jẹ́rìí ní ìkánjú sílẹ̀. Àti pé ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí a gbọ́ ohun tí ọ̀gá kọ tí a sì dákẹ́, kò sí àríyànjiyàn kankan tí ó lè wẹ̀ wá mọ́ níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wa tún sọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí a kò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ó ní ojú méjì ni ènìyàn ní. Bí ẹni tí ó di ajọ̀ mú bá ní láti kọ gbogbo eèrà àti gbogbo ìrẹ̀, ilẹ̀ yóò ṣú bá a nídìí garawa kìn-ín-ní. Òtítọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó lè wo ohun gbogbo, Ọlọ́run kò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n a lè sọ pé, "A kò wá a." Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ilẹ̀ pàápàá ń kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ igbó tiwa, ilẹ̀ kíkan a máa jẹ egungun àti ìkarahun títí wọn yóò fi tán pátápátá. Bí a bá walẹ̀ níbẹ̀ tí a kò rí ìgbín, kò túmọ̀ sí pé àwọn ará ibẹ̀ kò jẹ ẹ́. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò sọ pé, "A wá a, a kò rí i, ilẹ̀ sì lè ti jẹ ẹ́." Lábẹ́ àpáta wa, eérú ni ó gbà wọ́n lọ́wọ́ ilẹ̀. Ohun tí eérú pa mọ́ láti ìgbà láéláé ni àwa fi ọjọ́ mẹ́rin dà nù.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àwa pẹ̀lú ti kọ ọ́ sí ìwé ìròyìn ọmọ rí pé kò ní làákàyè. Ìṣirò àti ìwé kíkà nìkan ni a wá lára rẹ̀ ní gbogbo ọdún náà.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta a lọ bá ọ̀gá, a sì jẹ́wọ́. Kò jágbe mọ́ wa. Ó lọ sí ìdí òkìtì, ó dúró pẹ́, ó mú ìkarahun kan, ó tún gbé e kalẹ̀. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí a kó gbogbo wọn padà. Ó ní a lè kó wọn, ṣùgbọ́n a kò lè mọ̀ mọ́ ìpele tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde, ìkarahun tí a kò sì mọ ìpele rẹ̀ dàbí ojú ìwé tí a fà ya tí kò ní nọ́ńbà. A ní kí a kúkú pa "kò sí" rẹ́ nínú ìwé, kí a kọ "ó wà" dípò rẹ̀. Ó kọ̀ fún wa. Ó ní kí a fi í sílẹ̀ bí ó ti wà, kí a sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ìkarahun ìgbín wà, pé a dà á nù láti ọjọ́ Ajé di Ọjọ́bọ̀, àti orúkọ ẹni tí ó dà á nù. A kọ ọ́. Ọwọ́ wa gbọ̀n, ìkọ̀wé náà kò sì dára tó ti àkọ́kọ́.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń kó ìkarahun sínú àpò tiwọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a ó kúrò níbẹ̀, òjò ńlá rọ̀, a sì lọ wo òkìtì náà fún ìgbà ìkẹyìn. Àwọn ìpéré ti jáde, wọ́n ń fà láàárín ìkarahun tí ó ti jóná, àwọn alààyè lórí àwọn òkú, kò sì ní pẹ́ tí àjèjì kò ní lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ mọ́. A kà wọ́n. Méje ni wọ́n. A ṣí ìwé náà lábẹ́ agbòjò, a sì kọ ọ́ sí àyè ìyókù.